Ayálégbé Tó Kó Kọ́kọ́rọ́ Lọ

Ní gbogbo Moniya, kò sẹ́ni tí kò mọ Fákọ́ládé. Iṣẹ́ wáyà ọkọ̀ ló kọ́ nígbà èwe. Ti kọ̀ǹpútà, kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Ó tú ọ̀kan palẹ̀, ó tò ó padà, nọ́ọ̀tì mẹ́fà ṣẹ́kù sílẹ̀, ẹ̀rọ náà sì ń sáré ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Wọ́n ní bó bá gbọ́wọ́ lé láptọ́ọ̀pù tó ti kú láti ọdún méjì, láptọ́ọ̀pù ọ̀hún á sín. Ó ti pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́ "N ò mọ̀" lẹ́nu rẹ̀ rí.

Òun ni wọ́n ká mọ́ inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ọjọ́rú kan.

Ohun tó wà nílẹ̀ nìyí. Ẹbí rẹ̀ àti àwọn ará abà kejì ń fa ọ̀rọ̀ ààlà oko. Ìyá Ọ̀ṣunfúnmi, àbúrò bàbá rẹ̀, nìkan ló kù láyé tó mọ ibi tí ààlà náà gbà. Nígbà ọyẹ́, ìyá jókòó, wọ́n ka ààlà láti igi dé igi, Fákọ́ládé sì ká ohùn wọn sínú láptọ́ọ̀pù rẹ̀. Kò pé oṣù méjì tí àìsàn fi mú apá kan ara wọn, tó sì mú ọ̀rọ̀ kúrò lẹ́nu wọn. Ohùn inú ẹ̀rọ yẹn nìkan ló kù. Aago méjìlá ọ̀sán Ọjọ́rú yẹn ni wọn ó gbọ́ ọ ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀.

Láptọ́ọ̀pù ògbólógbòó náà dà bí ilé oníyàrá méjì, ètò méjì tó ń darí ẹ̀rọ ló ń gbé inú rẹ̀. Windows ń gbé ọ̀kan, ibẹ̀ ni ohùn ìyá wà. Ubuntu ń gbé èkejì. Bí èèyàn bá tan ẹ̀rọ, Ubuntu ní í yọjú sẹ́nu ọ̀nà tí í béèrè pé, "Ta lẹ wá rí nínú àwa méjèèjì?" Ojú Ubuntu ti sú Fákọ́ládé. Àfi bíi pé èèyàn á fi aṣọ oko jáde síwájú ìjòyè! Ó ní dandan, Mint, ètò mìíràn tó lẹ́wà jù ú lọ, lòun ó fi rọ́pò rẹ̀ láàárọ̀ yẹn, kí ojú ẹ̀rọ lè máa dán bíi ti ọkọ ìyàwó.

Ó ti gba Mint sílẹ̀ sínú yàrá Windows, ó kù kí ó gbé e sórí fúláàṣì tí yóò fi gbé e wọ yàrá Ubuntu. Ṣùgbọ́n ó bi ara rẹ̀ pé, "Ta ní í gba ayálégbé tuntun nígbà tí ti àtijọ́ kò tíì kó jáde?" Ló bá pa Ubuntu rẹ́, ó gbá yàrá rẹ̀ mọ́ féfé, ó pa ẹ̀rọ, ó tún un tàn.

Ojú ẹ̀rọ dúdú kirikiri. Ọ̀rọ̀ òyìnbó méjì péré ló wà lókè níbẹ̀: grub rescue. Ayálégbé tó lé jáde ti kó kọ́kọ́rọ́ ẹnu ọ̀nà lọ! Ohùn ìyá wà nínú ilé, Mint wà nínú ilé, ilé sì ti tì. Èyí tó tún burú jù, kò mọ̀ bóyá ọwọ́ òun ti ṣèèṣì gbá ohùn náà dànù mọ́ Ubuntu.

Bó ti fẹ́ yọ́ jáde lọ wá ohun tó lè fi ṣí i, ẹnu ọ̀nà ṣú. Ẹbí ti dé. Mọ́gàjì Sàníù, olórí ẹbí, fìdí lé bẹ́ǹṣì tó dí ọ̀nà. Àpèkẹ́, ẹ̀gbọ́n Fákọ́ládé obìnrin, jókòó tì wọ́n. Ṣọ́ọ̀bù náà kò ní fèrèsé, kò ní ilẹ̀kùn ẹ̀yìn.

"Ládé, ṣé ó ti ṣetán?" Mọ́gàjì béèrè.

"Ó ti ṣetán, bàbá. Ó kàn ń sinmi díẹ̀ ni."

Àpèkẹ́ na ọrùn. "Ojú rẹ̀ mà dúdú bí ìdí ìkòkò!"

"Bó ṣe máa ń rí nìyẹn tó bá ń ronú."

"Ìwọ tó o ń làágùn ńkọ́? Ṣé ẹ jọ ń ronú ni?"

Mọ́gàjì rẹ́rìn-ín. "Àpèkẹ́, fi í sílẹ̀. Ẹni tó ń jí òkú ẹ̀rọ dìde, èyí á ṣe wá le fún un?" Ìyìn yẹn dún létí Fákọ́ládé bíi kí wọ́n kan ìṣó mọ́ ilẹ̀kùn.

Aago mẹ́wàá kọjá. Ó ń tẹ̀ síbí, ó ń tẹ̀ sọ́hùn-ún, òógùn rẹ̀ tó èyí tí wọ́n lè pọn kún ìkòkò. Gbogbo ohun tó bá tẹ̀, ẹ̀rọ á fèsì pé òun kò mọ ohun tó ń wí. Irin lásán ń sọ "N ò mọ̀" láìtijú, òun ọmọ èèyàn kò lè sọ ọ́!

Ó mọ ẹni tó lè ṣe é. Kifayah, tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, wà ní ṣọ́ọ̀bù kẹrin. Fákọ́ládé fúnra rẹ̀ ló lé e lọ nígbà tí ọmọbìnrin náà sọ lójú oníbàárà pé, "Ọ̀gá, kì í ṣe bẹ́ẹ̀." Láti ìgbà náà, bí Fákọ́ládé bá ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù ọmọ náà, òkè ló ń wò.

"Jẹ́ kí n gbọ́ ohùn Ìyá díẹ̀ ká tó máa lọ," ni Mọ́gàjì wí. "Mo lọ kí wọn lánàá. Wọ́n dì mí lọ́wọ́ mú, ẹnu wọn ń mì, ọ̀rọ̀ ò jáde."

Ọwọ́ Fákọ́ládé dúró.

"N ò mọ̀ ọ́n, bàbá."

"O ò mọ kí ni?"

"Bí mo ṣe máa ṣí i. Èmi ni mo bà á jẹ́. Ẹ bá mi pe Kifayah."

Àpèkẹ́ fò dìde lórí bẹ́ǹṣì. "Kifayah tó o lé?"

"Òun náà ni."

Kifayah dé, ó kúnlẹ̀ kí wọn, ó wo ojú ẹ̀rọ. "Ọ̀gá, ṣé ẹ ti lé Ubuntu kí ẹ tó gbé tuntun sórí fúláàṣì ni?"

Fákọ́ládé mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ọmọbìnrin náà kò rẹ́rìn-ín, ìyẹn ló sì dùn ún jù. Kifayah fa fúláàṣì tó ní ètò tirẹ̀ nínú yọ lọ́rùn, ó tì í bọ inú ẹ̀rọ, ó bá fúláàṣì wọlé bí ẹni gba orí àjà wọ yàrá. Nígbà tó ṣe, ohùn kan jáde, ohùn ìyá, ó le koko:

"Láti ìdí àràbà, ẹ máa tọ odò bọ̀..."

Mọ́gàjì ṣí fìlà. Àpèkẹ́ fi ìborùn nu ojú.

Fákọ́ládé na ọwọ́ sí láptọ́ọ̀pù. Mọ́gàjì dì í lọ́wọ́ mú. "Bó bá tún dúdú níwájú wọn ńkọ́? Kifayah, ọmọ mi, ìwọ ni kó o gbé e. Ládé, máa ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù."

Wọ́n gbé bẹ́ǹṣì sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n lọ. Ẹnu ọ̀nà ṣí gbayawu, oòrùn wọlé, àmọ́ Fákọ́ládé kò jáde, ó lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì náà. Mọ́gàjì kò gbà kí wọ́n pa ohùn náà, nítorí náà, bí wọ́n ti ń lọ lójú títì, Fákọ́ládé ń gbọ́ ohùn ìyá tó ń ka igi lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ariwo ọ̀kadà fi gbé ohùn náà mì.