Ihò Ilẹ̀kùn Ọkọ̀ Ìyá Mi

Nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọmọdébìnrin ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, ẹ̀yin ọmọ mi, ìyá mi ní ọkọ̀ kan tó tún jẹ́ ilé. Bẹ́ẹ̀dì wà nínú rẹ̀, sítóòfù wà níbẹ̀. Ọwọ́ òyìnbó olùkọ́ kan tó ń padà sílé ló ti rà á, inú rẹ̀ ló sì ń sùn bó bá ń kọ́ àwọn obìnrin abúlé ní iṣẹ́ aránṣọ láti Ọ̀yọ́ títí dé Ògbómọ̀ṣọ́. Ara ọkọ̀ náà kì í ṣe irin o. Fáíbà ni, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe táǹkì omi.

Lọ́dún kan, ilẹ̀kùn rẹ̀ yọ. Ihò mẹ́fà tí sùkúrúù híńjì wọ̀ sí ti fẹ̀ jù. Mo ṣe bí àwọn káfíńtà wa ti ń ṣe: mo la orín wẹ́wẹ́, mo gbá a sínú ihò, mo yí sùkúrúù padà sí i. Ó dúró. Àṣé pákó nìkan nìyẹn wà fún. Òjò kan ṣoṣo rọ̀, orín wú, fáíbà sì sán bí igbá, ilẹ̀kùn tún yọ.

Bàbá tó ń lu ara ọkọ̀ ládùúgbò wa ní kí ìyá mi ta á fún òun, òun á fi sin adìẹ. Ìyá mi béèrè iye tí yóò san. Mo rí i pé ó ti fẹ́ gbà, torí ta ni yóò sùn lábúlé nínú ọkọ̀ tí kò nílẹ̀kùn?

Mo ní, "Ẹ má tà á, Màmá. Màá tún un ṣe."

Bàbá náà rẹ́rìn-ín. "Ìyá ẹnjiníà, orín rẹ dà?"

Ó dùn mí, ṣùgbọ́n n kò ṣíwọ́. Mo wọ mọ́tò lọ tọrọ òwú fáíbà lọ́wọ́ àwọn tó ń tún táǹkì ṣe ní Sábó, l'Ógbómọ̀ṣọ́. Mo yọ orín kúrò, mo fi sáńpépà ha inú ihò títí ó fi rí ṣákiṣàki, mo fi tínà tí àwọn akunlé ń lò nù ún. Mo po gọ́ọ̀mù líle inú tíúbù méjì pọ̀ ní dọ́gbadọ́gba, mo gé òwú náà wẹ́wẹ́ sí i, mo fi dí àwọn ihò náà àti ibi tó sán pinpin. Odindi ọjọ́ kan ni mo fi sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo lu ihò tuntun tó kéré díẹ̀ ju sùkúrúù lọ, mo fi ọṣẹ pa ẹnu sùkúrúù, mo sì fi ọwọ́ yí i wọlé jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

Bàbá náà di ilẹ̀kùn mú, ó gbé ẹsẹ̀ méjèèjì kúrò nílẹ̀. Ilẹ̀kùn kò mì.

Ó ní, "Ó ku kí òjò rọ̀."

Òjò rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ yẹn. Lọ́jọ́ Ajé, ìyá mi gbé máṣíìnì rẹ̀ sínú ọkọ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ó lọ.

Ẹ ní ayé ti yí padà, pé bí nǹkan bá ti bàjẹ́, tuntun là ń rà. Mo gbọ́. Ẹ máa rà á. Èmi ò ní ju ohun tí ọwọ́ mi lè tún ṣe nù torí ẹ̀rín ẹnikẹ́ni.