Àṣíborí Àlejò Inú Ìràwọ̀

Orí kò wọlé. Ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń rántí nìyẹn. Àárọ̀ Sátidé ni, nínú kíláàsì kan tí wọ́n ti kó àga rẹ̀ jáde. Tíṣà di apá ọ̀tún mú, èmi di apá òsì mú, a gbé àṣíborí lé Ṣadé lórí. Ó dé iwájú orí, ó dúró. A tì í, kò lọ.

Ṣadé ní, "Papa, e dey pain me."

Àwọn èèyàn sì ti ń jókòó níta, wọ́n ń retí eré.

Ìyá rẹ ni mò ń sọ yìí o, ìwọ tí ò ń bá mi kọ ọ́. Ọmọ iléèwé kékeré ni nígbà yẹn. Kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ dáadáa, Fọláṣadé, kí ẹni tó bá kà á lè mọ̀ ọ́n.

Mi ò kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bóyá ìyẹn ló jẹ́ kí iṣẹ́ fáíbà bá mi lára mu. Fáíbà, okùn dígí ni, wọ́n tẹ́ ẹ bí aṣọ funfun, o lè ká a, o lè fi sísọ́ọ̀sì gé e. Omi kan wà tó ń jẹ́ rẹ́síìnì, ó ki bí oyin, òórùn rẹ̀ a máa gun orí. Òun la fi ń kun fáíbà. Ṣùgbọ́n rẹ́síìnì kì í dì àfi tí o bá kán hádínà sí i. Tí hádínà bá ti wọ̀ ọ́, kò dúró de ẹnikẹ́ni mọ́. Kí o tó wí ìhín wí ọ̀hún, ó ti di òkúta nínú agolo pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì rẹ.

Sàpẹ́lẹ̀ ni mo ti kọ́ ọ, nígbà tí mo kúrò ní Ìkìrun, lọ́wọ́ ọkùnrin Ijaw kan tó ń ṣe ọkọ̀ ojú omi. Ọ̀gá Ebi là ń pè é. Tó bá ti kán hádínà tán, á gbé ojú sókè, á wò wá, á ní, "Hardener don enter. Lock mouth, work." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ mi. Láti kékeré ni wọ́n ti ń ní kí n la ẹnu, èmi wá rí iṣẹ́ tó ní kí n pa á dé.

Nígbà tí mo dé Benin, mo gba ṣọ́ọ̀bù ní Upper Sakponba, a ń gbé yàrá ẹ̀yìn rẹ̀. Mo ń ṣe bọ́ńpà mọ́tò, mo ń ṣe táńkì omi. Osaze, ọmọ Benin, tó ń kun mọ́tò, ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ìyá Ṣadé, ìyàwó mi, ń ta òwú àti abẹ́rẹ́ níwájú ilé.

Ní ojúlé yẹn, àwa nìkan là ń sọ Yorùbá. Ṣadé ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Tí o bá ní kó bu omi wá, á bu omi wá. Ṣùgbọ́n kò fi dáhùn rí. Tó bá ti iléèwé dé, á ní, "Papa, I don come."

Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó wọlé ló ń kọ́kọ́ kí ará ilé. Á ní, "Ẹ kú ilé." Àwọn tó wà nílé á ní, "Káàbọ̀." Bí bóòtù àti nọ́ọ̀tì ni, ọ̀kan ò wúlò láìsí èkejì. Èmi á sọ pé káàbọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n káàbọ̀ tèmi kò rí ibi tó máa dè mọ́. Ìyá Ṣadé a máa bá a wí.  Èmi kàn máa ń rò ó tí mo bá ń fi ẹ́mẹ́rì, pépà oníyanrìn, ha fáíbà, tí eruku funfun ń fò nínú oòrùn. Ọmọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fún mi nìyí. Tí èmi àti ìyá rẹ̀ bá lọ tán, ta ni yóò kí ilé mi?

Ọjọ́ kan ni tíṣà rẹ̀ wá, Míìsì Itohan, ọmọge Benin kan tó máa ń rìn bí ẹni pé ilẹ̀ gbóná. Ó ya àwòrán kan sórí páálí, orí ràgàjì tí kò ní etí. Nígbà yẹn, àwọn ọmọdé ń rí àwọn tó ń fi ọkọ̀ fò láàárín ìràwọ̀ nínú tẹlifíṣọ̀n ilé ẹni tó bá ní i, ìyẹn ló wọ̀ wọ́n lórí. Tíṣà ní, "Oga, na person wey come from heaven. Na im head I want."

Ìyá Ṣadé bi mí, "Kí ló wí?"

Mo ní, "Ó ní kí n ṣe orí fún ará ọ̀run."

Ìyá Ṣadé dìde. "Ará ọ̀run kẹ̀? Eégún?"

Tíṣà ní, "Na Shade go wear am. She get voice."

"Ṣadé! Ọmọ mi obìnrin ni yóò wá gbé eégún ní ìlú onílùú?"

Osaze, tí kò gbọ́ Yorùbá, ti ń rẹ́rìn-ín kó tó mọ ohun tó ń pa á lẹ́rìn-ín. Mo wá sọ fún Ìyá Ṣadé pé inú ìràwọ̀ ni ẹni náà ti wá.

"Ìràwọ̀ ọ̀hún, ṣé ọjà Ọba ló wà? Ṣé kì í ṣe ọ̀run?"

"Kò kú, Ìyá Ṣadé. Ìrìn àjò ló ń rìn."

Ó rò ó títí. Ó jókòó. "Tó bá jẹ́ ìrìn àjò, ìyẹn dáa. Ọlọ́run á jẹ́ kó dé're."

Tíṣà ṣàlàyé eré náà fún mi. Àlejò náà balẹ̀ sí abúlé kan. Ó ń sọ èdè tí ẹnì kankan láyé ò gbọ́. Àwọn ará ayé ò mọ̀ bóyá kí wọ́n lù ú tàbí kí wọ́n fún un lómi. Ṣadé ti ń kọ́ èdè náà nínú ilé. "Bíì-bíì-bọ̀ọ̀," ló ń sọ, àní tó bá ń fọ abọ́.

Mo fi òwú ìyá rẹ̀ wọn orí rẹ̀ yíká. Mo lọ wa amọ̀ létí odò Ikpoba, mo fi bo agolo ọ̀dà ńlá kan, mo bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ọ́n. Bọ́ńpà ni mo mọ̀ ọ́n ṣe, mi ò mọ orí rí. Ọyẹ́ ti dé, ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ dà bí omi tí wọ́n fi ṣan àwo wàrà. Mo ń fi àtàǹpàkò tẹ ibi ojú, mo ń fi ṣíbí ha ẹ̀rẹ̀kẹ́. Tó bá dọ̀sán, mo fi aṣọ tútù bò ó kó má baà sán. Nígbà mìíràn mo bá ara mi tí mo jókòó tì í, mi ò ṣe nǹkan kan, bí ẹni pé àwa méjèèjì ń dúró de ọkọ̀ kan náà. Osaze á kọjá, á kí i, "Oga Head, good morning."

Orí gbòòrò, ọrùn rẹ̀ kéré. Tí o bá fi fáíbà bò ó lódindi, kò ní bọ́ mọ́, bí ọwọ́ tó wọ inú ìgò lọ mú ẹ̀pà. Ìdí nìyẹn tí a fi ń ṣe mọ́ọ̀dù, ìyẹn èèpo fáíbà tó gba àwòrán amọ̀ náà, ní ìdajì méjì, iwájú àti ẹ̀yìn, tí a ó fi bóòtù so wọ́n pọ̀. Inú mọ́ọ̀dù yẹn la ti ń wá bí orí gangan. Ṣùgbọ́n o gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi pọ́líìṣì ilẹ̀ pa inú mọ́ọ̀dù dáadáa, kó máa dán. Ọ̀gá Ebi ní tí o kò bá pa á, mọ́ọ̀dù àti orí á fẹ́ra wọn, kò sí adájọ́ tó máa tú wọn ká. Mo pa á. Mo kán hádínà, mo pa ẹnu mọ́, mo kùn ún. Nígbà tó dì, mo tú bóòtù, mo gbá ìdí mọ́ọ̀dù pẹ́, orí náà sì yọ sí mi lọ́wọ́. Ó fúyẹ́ bí igbá. Mo gbé e sókè, oòrùn wọ inú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ pọ́n bí ẹyin tí wọ́n gbé síwájú àtùpà.

Osaze kùn ún ní àwọ̀ fàdákà tó ṣẹ́ kù lára mọ́tò oníbàárà kan. Ó ku ojú. Mo ní fíìmù dúdú kan nílé, èyí tí wọ́n ya àyà mi sí lọ́sibítù nígbà tí ikọ́ ń dà mí láàmú. Wọn ò rí nǹkan kan níbẹ̀, wọ́n ní kí n máa bo imú. Mo gé e, mo fi ṣe ojú àṣíborí. Tí o bá dé e, wàá rí ìta bí àṣálẹ́, egungun ìhà mi á sì là á kọjá fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́. Àyà mi ni ọmọ náà yóò fi máa wo ayé. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Mo lẹ fóòmù sí inú rẹ̀ kó má baà ha á lórí. Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Nígbà tí wọ́n dán eré wò, tíṣà ní òun ò gbọ́ ohùn Ṣadé rárá. Mo lu ihò sí ibi ẹnu. Kò yàtọ̀. Mo wá gbé e dé fúnra mi nínú ṣọ́ọ̀bù. Inú rẹ̀ dákẹ́ bí abẹ́ omi. Mo ń gbọ́ èémí ara mi. Mo fẹ́ dán ohùn wò, mi ò mọ ohun tí mo lè sọ. Ohun tó jáde ni, "Ẹ kú ilé o. Ẹ kú ilé o."

Nígbà tí mo ṣí i, Ṣadé dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Papa, who you dey greet?"

Mo ní, "Kò sí. Ohun tí ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn dé máa ń sọ nìyẹn."

 Ó wọlé lọ.

Ó wá di àárọ̀ Sátidé yẹn tí orí ò wọlé. Mo tú gèlè tí ìyá rẹ̀ fi wé e lórí. Irun òwú! Ó ti fi òwú dúdú kó gbogbo rẹ̀ nàró bí ẹsẹ̀ aláǹtakùn.

Mo ní, "Ìyá Ṣadé. Mo wọn orí yìí nígbà tí irun rẹ̀ lẹ̀ mọ́ orí."

"Kí ọmọ mi wá jáde síwájú àwùjọ pẹ̀lú irun wúruwùru?"

"Inú àṣíborí ni orí máa wà. Ta ló máa rí i?"

"Èmi mọ̀ pé ó wà níbẹ̀."

 Ká tú u, ọjọ́ á lọ. Ṣadé ti ń sunkún. Tíṣà ló ki ọwọ́ bọ inú àṣíborí, ó tẹ fóòmù. "Oga, this one must dey?" Mo wò ó. Mo fà á ya, gbogbo rẹ̀. A gbé àṣíborí lé e, ó wọ̀ ọ́ bí ẹni wọ ilé bàbá rẹ̀, irun tí ìyá rẹ̀ fi òwú kó ló wá di fóòmù.

Ṣadé ní, "Papa?"

Gbogbo wa fò sẹ́yìn. Ohùn náà ń dún bí ẹni sọ̀rọ̀ nínú àmù. Àṣé fóòmù ló ti ń gbé ohùn rẹ̀ mì.

Abẹ́ igi máńgòrò ni wọ́n ti ṣe eré náà. Ọyẹ́ bo pápá funfun. Àwọn ọmọ tó jẹ́ ará ayé dúró pẹ̀lú igi lọ́wọ́. Àlejò náà yọ láti inú ọyẹ́, fàdákà láti orí dé ẹsẹ̀, ó ń rìn díẹ̀díẹ̀.  Èmi tí mo mọ̀ ọ́n láti inú amọ̀, ara mi bù máṣọ.

Ó dé iwájú wọn. A ń retí bíì-bíì-bọ̀ọ̀. Ó kúnlẹ̀.

"Ẹ kú ilé o."

Kò sẹ́ni tó dáhùn. Àwọn ọmọ náà ń wo ara wọn. Osaze fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi, "Na the language be that? E sweet o."

"Ẹ kú ilé o." Lẹ́ẹ̀kejì yìí, ohùn náà ti ń kéré.

Mo yíjú wo ìyá rẹ̀. Ó ti fi ìborùn bo ẹnu, omi ń dà lójú rẹ̀. Àlejò tó kí ilé tí ilé ò dá a lóhùn, ṣé kò ní padà síbi tó ti wá? Tó bá padà, ṣé ó tún máa kí wa mọ́? Èmi tí mi ò bá èèyàn méjì sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà rí, mo bá ara mi lórí ìdúró.

Mo ní, "Ẹ káàbọ̀ o! Ṣé dáadáa lẹ dé?"

Ojú dúdú yẹn yí sí mi.

"Dáadáa ni, sà."

"Àwọn ará ọ̀hún ńkọ́?"

"Wọ́n ní kí n kí yín."

Pápá bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Ọmọ tó ń ṣe ọba ayé ju igi sílẹ̀, ó lọ bu omi.

Bá a ṣe ń lọ sílé, ìyá rẹ̀ ní, "O fi 'ẹ' kí ọmọ tí mo bí."

Mo ní, "Àlejò ni."

Iléèwé gba àṣíborí náà, mi ò mọ ibi tó wà lónìí. Àmọ́ eré kọ́ ló parí ọ̀rọ̀ náà. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo ń ṣe táńkì, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kán hádínà sínú agolo rẹ́síìnì. Ṣadé ti iléèwé dé. "Papa, I don come." Bíi ti tẹ́lẹ̀. Mo ní káàbọ̀, mo ki búrọ́ọ̀ṣì bọ inú agolo. Ó rìn lọ díẹ̀, ó dúró, ó padà.

"Ẹ kú iṣẹ́, sà."

Ìkíni yìí kì í ṣe èyí tó gbọ́ lẹ́nu mi nínú àṣíborí. Mi ò sọ ọ́ níbẹ̀ rí. Mo ní, "Òo, ọmọ mi, o ṣeun." Mo bi í nípa iléèwé. Ó dáhùn, ọ̀rọ̀ kan Yorùbá, ọ̀rọ̀ méjì Pidgin. Mo tún bi í ní òmíràn. Mo ń gbọ́ tí Ọ̀gá Ebi ń sọ nínú orí mi pé kí n pa ẹnu mọ́. Mi ò pa á mọ́. Nígbà tí mo fi máa rántí agolo, ó ti di òkúta, búrọ́ọ̀ṣì dúró nínú rẹ̀ ṣánṣán.

Agolo tí wọ́n fi ń di ilẹ̀kùn mú lẹ́yìn rẹ yẹn, òun ni.