Tàǹtí Bọ́láṣadé, Ẹni Tó Ná Gígùn Aṣọ Bí Ẹní Ná Ọjà

Kò sí ọmọ Yorùbá tó ṣiṣẹ́ ní Plateau nílùú Abidjan lọ́dún 2006 tí kò gbọ́ nípa ọjọ́ tí olóògbé Bọ́láṣadé ná aṣọ bùrọ́ọ̀, ìyẹn aṣọ ọ́fíìsì, mọ́ ọ̀gá rẹ̀ lọ́wọ́. Kì í ṣe owó aṣọ náà ló ná o. Gígùn rẹ̀ ló ná.

Iléeṣẹ́ tó ń bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù jáde ní èbúté ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi Kassim ṣe ọ̀gá níbẹ̀ ni, ọmọ Ẹ̀jìgbò tí wọ́n bí sí Abidjan. Yorùbá ń yé e dáadáa, ṣùgbọ́n bó bá ní kóun sọ ọ́, ahọ́n rẹ̀ a máa kọsẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ó kó gbogbo àwọn obìnrin jọ, ó ní ìró àti bùbá ti parí ní bùrọ́ọ̀ òun, gèlè náà ti parí. Síkẹ́ẹ̀tì dúdú tó mọ ní orúnkún lòun fẹ́, bùláòsì funfun, àti bàtà gogoro. Motúnráyọ̀, akọ̀wé tó kéré jù láàárín wọn, tí kò tíì pẹ́ tó ti Ọ̀fà dé, ti ń ronú ibi tóun máa ti rí síkẹ́ẹ̀tì. Tàǹtí Bọ́láṣadé ní tirẹ̀ ti ta aṣọ lọ́jà Ajamé fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó wá di ẹni tó ń gba àlejò ní bùrọ́ọ̀. Ó gbé ọwọ́ lé ìbàdí.

"Ọ̀gá, orúnkún yẹn ti wọ́n jù. Ẹ mú un wálẹ̀."

"Tantie, bùrọ́ọ̀ la wà. Kì í ṣe ọjà."

"Ohun téèyàn bá ti la ẹnu pè, ọjà ni. Ẹ pe orúnkún, èmi san ọrùn ẹsẹ̀."

"Non, non! Ìka méjì nísàlẹ̀ orúnkún. Dernier prix!"

Bó ti ní iye tóun máa gbà kẹ́yìn nìyẹn ló ti di ọlọ́jà, kò sì mọ̀. Tàǹtí na ọwọ́ síwájú. Ìka rẹ̀ ki púpọ̀.

"Ìka ta ni? Tèmi àbí tiyín?"

Kassim bú sẹ́rìn-ín, ó sì tún bojú jẹ́ kíá. Tàǹtí gbé báàgì rẹ̀, ó dorí kọ ọ̀nà àbájáde. Kò yára. Ìrìn àwọn oníbàárà tó gbọ́n ló ń rìn, ìyẹn ìrìn tó ń fún ọlọ́jà láyè láti ronú pìwà dà. Ọwọ́ rẹ̀ kò tíì kan ilẹ̀kùn tí Kassim fi ké sí i.

"Tantie, ẹ padà wá! Ó dáa, àárín ojúgun."

"Ẹ fi ènì sí i."

"Ènì kí ni?"

"Gèlè, lọ́jọ́ Jímọ̀."

Ó sì gbà.

Ọ̀rọ̀ bàtà gogoro ní ìtàn tirẹ̀. Tàǹtí ná an títí tó fi kù sí pé ìgbà tóun bá jókòó nìkan lòun máa wọ̀ ọ́. Bó bá dìde láti mú ìwé lọ fún ọ̀gá, á bọ́ bàtà, á gbé e dání, á máa fi ẹsẹ̀ lásán lọ. Oníbàárà kan bi í léèrè ìdí rẹ̀. Ó ní, "Wọ́n ní kí n máa mú bàtà gogoro wá síbi iṣẹ́. Ṣé ẹ ò rí wọn lọ́wọ́ mi ni?"

Aṣọ tó mọ ní ojúgun yìí kò dùn mọ́ àwọn ará ìjọ rẹ̀ nínú. Àlàgbà Olújídé pè é lẹ́yìn ìsìn, ó ní kò yẹ kí ojúgun ìyá ìjọ máa hàn lójú àwọn ọkùnrin, ilẹ̀ ni kí aṣọ rẹ̀ máa gbá. Tàǹtí tún bẹ̀rẹ̀ sí í ná an. Àlàgbà pe ilẹ̀, Tàǹtí san ojúgun, wọ́n sì wà lẹ́nu ẹ̀ títí oúnjẹ Sunday fi tutù. Lọ́jọ́ kejì, nínú ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé wọn kọjá ọ̀sà lọ sílé, ó fi ẹnu sí Motúnráyọ̀ létí.

"Ọ̀gá ń fà á sókè, àlàgbà ń fà á wálẹ̀. Ẹsẹ̀ mi ni wọ́n ń ná látàárọ̀, kò sì sí ẹni tó bi mí bóyá mo fẹ́ tà á."

Motúnráyọ̀ rẹ́rìn-ín débi pé àwọn èrò ọkọ̀ ń wò ó. Kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ń bọ̀ wá kan òun.

Ó lóyún. Wọ́n ti wó ṣọ́ọ̀bù tí Olúkáyọ̀dé ọkọ rẹ̀ ti ń tún fíríìjì ṣe, owó oṣù Motúnráyọ̀ nìkan ni wọ́n sì fi ń jẹun. Nígbà tí síkẹ́ẹ̀tì kò ṣeé dè mọ́, ó fi píìnì há a. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, bó ti tẹ̀ síwájú láti kí oníbàárà, píìnì fò, ó sì bọ́ sínú ife kọfí ọkùnrin náà.

Kassim kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí Motúnráyọ̀ máa lọ sílé títí yóò fi bímọ. Ó ní bí ẹlòmíràn bá ti jókòó sórí àga rẹ̀ kó tó dé, pardon, kò sí ohun tóun lè ṣe sí i. Motúnráyọ̀ fẹ̀yìn ti ògiri, ó ń sunkún.

Tàǹtí wọlé tọ Kassim lọ. "Ẹ jẹ́ kó máa wọ gáùn tó fẹ̀."

"Non, Tantie. Bí mo bá gbà fún un, gbogbo yín lẹ máa béèrè."

Tàǹtí gbé báàgì, ó rìn dé ẹnu ọ̀nà. Kassim kò pè é. Tàǹtí ṣí ilẹ̀kùn. Kassim kò gbójú sókè. Tàǹtí sọ̀kalẹ̀ àtẹ̀gùn lọ. Ọlọ́jà ti gbọ́n.

Gbogbo ẹni tó ti ná ọjà rí ló mọ̀ pé oníbàárà tó bá padà láìjẹ́ pé wọ́n pè é, iye tí wọ́n bá fẹ́ ni wọ́n máa gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kúkú wu Tàǹtí kó kú ju kó padà bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ó padà. Motúnráyọ̀ rí i tó ń gun àtẹ̀gùn bọ̀, tó ń mí hẹlẹ, tí kò wo ẹnikẹ́ni lójú.

"Ẹ sọ iye tí ẹ fẹ́," ó sọ fún Kassim.

"Orúnkún. Bàtà gogoro, ní ìdúró. Kò sì sí gèlè mọ́."

"Mo san án. Kí ọmọ yìí máa wọ gáùn rẹ̀."

Bí orúnkún Tàǹtí Bọ́láṣadé ṣe dé Plateau nìyẹn. Kò ṣe àṣejù kankan. Ó kàn ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ ni, ó ń bẹ̀rẹ̀ mú fáìlì níwájú ọ̀gá, ó ń dúró gbagidi bí wọ́n bá ń bá a sọ̀rọ̀. Ẹgbẹ́ ìyá Kassim ni. Ọmọkùnrin náà kò mọ ibi tí yóò fi ojú sí mọ́, fáànù òkè àjà ló ń bá sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ tí ìyá rẹ̀, Alhaja Mùkàrámà, gbé oúnjẹ wá fún un, ariwo rẹ̀ dé ìta.

"Kassim! Ìwọ lo ní kí ẹgbẹ́ mi ṣí orúnkún sílẹ̀ bí ọmọ iléèwé?"

Kassim wá bẹ Tàǹtí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà sí ojúgun yín."

"Èmi? Ọjà tí mo ti san? N ò dá a padà o."

"Ẹ wọ ìró yín, Tantie!"

"Èmi nìkan?"

Kassim tún gbójú sí fáànù. "Kí oníkálukú wọ ohun tó bá a lára mu, kó ṣáà mọ́."

"Ẹ fi ènì sí i."

"Tantie!"

"Àga ọmọ yìí. Kí ẹnikẹ́ni má jókòó lé e títí yóò fi bímọ tí yóò sì padà dé."

Báyìí ni Motúnráyọ̀ ṣe bí ọmọ rẹ̀, Jọláolúwa, tí iṣẹ́ kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Lọ́dún 2010, àìsàn tí Tàǹtí ń pè ní àárẹ̀ lásán gbé e lọ. Kassim ló ra aṣọ funfun tí wọ́n fi sin ín, ọ̀pá rẹpẹtẹ, kò sì sọ bó ṣe máa gùn tó. Àwọn obìnrin ìjọ ní kí Motúnráyọ̀ wá bá àwọn wọ̀ ọ́ fún un. Bí wọ́n ṣe ń wọ̀ ọ́ ni wọ́n ń rántí àwọn ìtàn rẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń nu ojú. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, Motúnráyọ̀ ní kí wọ́n fi àwọn méjèèjì sílẹ̀ fúngbà díẹ̀.

Kò tíì dúpẹ́ lọ́wọ́ obìnrin yìí dáadáa rí. Ìgbàkígbà tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, Tàǹtí á fi ẹ̀fẹ̀ gé e lẹ́nu. Ó fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, àárò rẹ̀ sì ti ń sọ ọ́ báyìí, kí wọ́n tó gbé e kúrò nílé rárá.

Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ẹ ṣeun, Màmá mi," ó wí. "Jọláolúwa ti bẹ̀rẹ̀ iléèwé. Ó ní kí n kí yín."