Omi Kì Í Rìn Lọ́wọ́ Òfo

Lọ́jọ́ tí Àlàájà Sùlíyá fẹ́ ṣí borehole tí wọ́n gbẹ́ sí Agege, tí wọ́n fi ṣe sàdákà fún màmá wọn tó ti kú, àlùfáà ti ṣàdúà tán, kọ́ọ̀bù ti ń sún mọ́ ẹnu, ni Bàbá Oyèdìran bá lọ fẹ̀yìn dí ẹnu ẹ̀rọ. Omi ń jò sí wọn lẹ́yìn, bùbá ti rin gbingbin, wọn ò kúrò. Wọ́n wúkọ́ bíi jẹnẹrétọ̀ tí ò fẹ́ ṣiṣẹ́, wọ́n ní, "Omi kì í rìn lọ́wọ́ òfo."

Ọdún méjìlélógún ni Bàbá fi gbá kíláàsì tí wọ́n ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa òkúta àti abẹ́ ilẹ̀ ní yunifásítì kan. Àwọn tó jókòó gba sátífíkéètì. Bàbá tó gbálẹ̀ ló gbọ́ gbogbo ẹ̀.

Tí Bàbá bá ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n á fa ohùn bíi ti tíṣà: lọ́hùn-ún ní Japan, ilẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun ń rì wọ abẹ́ ilẹ̀ kejì, díẹ̀díẹ̀, bí èékánná ṣe ń hù, tòun tomi inú ẹ̀. Ooru ìsàlẹ̀ á wá fún omi yẹn jáde bí wọ́n ṣe ń fún ẹ̀gẹ́ gàrí. Omi gbígbóná oníyọ̀ yẹn ló ń he bàbà, òjé àti wúrà lọ́nà, tó ń gbé wọn gòkè.

Wúrà nìkan ni Job tó ń lẹ táyà gbọ́. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ń fi fìlà sẹ́ omi kànga ilé ẹ̀. Ìdin ẹ̀fọn ló rí.

Àmọ́ lọ́jọ́ borehole yẹn, ẹnì kankan ò rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yìn fẹ́ǹsì ibẹ̀ ni àwọn kan ti ń yọ́ òjé inú bátìrì mọ́tò. Bàbá nawọ́ sí i: òjò tó ń rọ̀ síbẹ̀ ńkọ́, ṣé ọwọ́ òfo ló fi ń wọlẹ̀?

"Bàbá, ẹ fẹ́ ba láádá màmá mi jẹ́."

"Láádá yẹn ni mò ń ṣọ́, Àlàájà. Tí májèlé òjé bá wọ ara ọmọ ọlọ́mọ, orúkọ ta ni wọ́n á pè?"

Àlàájà gbé kọ́ọ̀bù ọwọ́ wọn kalẹ̀. Wọ́n ti ẹ̀rọ pa, wọ́n bu omi sínú ìgò, wọ́n ní kí Tẹ́júọlá tó jẹ́ nọ́ọ̀sì gbé e lọ fún àyẹ̀wò ní Ìlúpéjú.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án la fi dúró. Ọlárónkẹ́ aládùúgbò wa tó ti yọ́ bu omi náà fún ọmọ ẹ̀ kí wọ́n tó ṣí i, àràárọ̀ ló ń fi tọ́ọ̀ṣì wo ahọ́n ọmọ. Bàbá ti búra pé tí àwọn bá parọ́, àwọn á kó kúrò ládùúgbò. Lọ́jọ́ keje, a bá wọn níbi tí wọ́n ti ń di ẹrù. Wọ́n ní ká má da àwọn láàmú, àwọn kàn ń wò ó bóyá àpótí ṣì ń pa dé ni.

Èsì dé. Òjé wà níbẹ̀, ó ju ohun tó yẹ kó wọ ẹnu èèyàn lọ. Ọlárónkẹ́ gbé ọmọ ẹ̀ sáré lọ sí ọsibítù. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò, òjé ò tíì wọ̀ ọ́ lára. Àlàájà fọwọ́ ara wọn yọ ẹnu ẹ̀rọ, wọ́n gbẹ́ òmíì sí ọ̀nà jíjìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ṣáláṣí. Wọ́n kọ́kọ́ yẹ tibẹ̀ wò. Ó mọ́.

Bàbá ò rí ọjọ́ tí wọ́n ṣí i. Àìsàn ọjọ́ mẹ́ta péré ló mú wọn lọ. Àlàájà ní kò sí ayẹyẹ kankan: omi àkọ́kọ́ tó bá jáde níbẹ̀, òun la máa fi wẹ Bàbá.

Job ló gbé garawa náà. Ó wúkọ́ bíi Bàbá, ó fẹ́ sín wọn jẹ bó ṣe máa ń ṣe: "Omi kì í rìn..."

Ó dúró, ó gbé garawa sílẹ̀. Àlàájà ló bá a parí ẹ̀.