Àǹtí Oníkẹ́míìsì àti Fọ́ọ̀mù Ṣadé

Mo ṣì ń gbọ́ ohùn àǹtí oníkẹ́míìsì wa ní Ẹ̀gbẹ́dá. Kì í ta oògùn láì ka ọjọ́ tí wọ́n kọ sí i lára sókè. Bó bá ń da èyí tó ti kọjá ọjọ́ nù, á ní, "Mo mọ oògùn, n ò mọ òwò, jàre!"

Ìdí nìyẹn tó fi bá Ṣadé ọmọ mi kọ fọ́ọ̀mù yunifásítì kan nílùú òyìnbó, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ìmọ̀ oògùn àti òwò pọ̀. Èmi ni wọ́n ní kí n fi ránṣẹ́. Ẹ̀rù ọ̀nà jíjìn bà mí, mo tọ́jú rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ àpótí aṣọ mi.

Oṣù mẹ́jọ ni Ṣadé fi retí èsì. Àǹtí wá bá mi nílé.

"Ìyá Ṣadé, ẹ má bínú. Bóyá èmi ni mo ṣì í kọ."

Mo ní mo ti dárí jì í.