Obìnrin Tó Dákẹ́ Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Òpó

Ogún akẹ́kọ̀ọ́ ló dùbúlẹ̀ nínú ọgbà ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà, tí wọ́n ń ṣe bí ẹni tó fara pa nínú ìjàǹbá ọkọ̀. Èèyàn mọ́kànlélógún ni àwọn nọ́ọ̀sì so káàdì mọ́ lọ́wọ́. Mo mọ ẹni kọkànlélógún. Èmi ni mo fẹ́ ẹ níyàwó, ojú mi sì ni wọ́n ṣe sin ín.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ ìròyìn, n kì í sì í kọ ohun tí ojú mi kò rí. Òru kọ́ o. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ni, oòrùn ti ń mú.

Ìjẹ̀bú-Òde níbí ló ti ṣẹlẹ̀, lọ́dún tó kọjá. Mi ò ní dárúkọ ilé ìwòsàn náà. Wọ́n fẹ́ kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ wọn ní ohun tí wọn yóò ṣe bí wọ́n bá kó ọ̀pọ̀ èèyàn tó fara pa dé lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wá láti Ìjagun, wọ́n da omi ìṣápá pupa sára bí ẹ̀jẹ̀. Wọ́n ní kí n wá wò ó, kí n kọ ọ́.

Àlájà, olórí àwọn nọ́ọ̀sì, pín káàdì. Pupa wà fún ẹni tí kò lè dúró rárá, yẹ́lò fún ẹni tó lè ṣe sùúrù díẹ̀, àwọ̀ ewé fún ẹni tó lè fẹsẹ̀ rìn.

Bí wọ́n ṣe ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀, ariwo sọ láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́.

“Sísítà, ẹ má jẹ́ kí n kú o! Mi ò tíì jẹun àárọ̀!”

“Ẹ fi í sílẹ̀ jàre! Ebi ló ń pa á, kì í ṣe mọ́tò!”

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Àwọn nọ́ọ̀sì sì sáré lọ bá àwọn tó ń ké. Àlájà fọn fèrè.

“Ẹ dúró! Ẹni tó ń pariwo, ẹ̀mí ṣì ń bẹ lára ẹ̀. Ẹni tó dákẹ́ ńkọ́? Ta ló lọ wò ó?”

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi lọ́kàn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ọkọ̀ tí Sìdíkátù ìyàwó mi wọ̀ bọ̀ láti Ayépé dojú dé. Ilé ìwòsàn yìí kan náà la gbé wọn wá. Ìyàwó mi kì í pariwo. Nígbà tó ń rọbí Wàsíù, agbẹ̀bí béèrè pé, “Ìyá, àbí ẹ ti sùn ni?” Lọ́jọ́ ìjàǹbá yẹn náà, ó dákẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ké ni gbogbo èèyàn wà. Mo fi í sílẹ̀, mo sáré lọ wá dókítà. Kí n tó padà dé, ó ti kú.

Nítorí náà, nígbà tí Àlájà sọ̀rọ̀, ojú mi lọ síbi òpó yẹn fúnra rẹ̀.

Obìnrin kan dùbúlẹ̀ síbẹ̀. Ó fi ọwọ́ òsì rọrí, bó ṣe máa ń sùn nílé. Káàdì pupa wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀.

Mo kúnlẹ̀. Ẹ gbà mí gbọ́, ẹ̀rù kò bà mí. Òórùn àdí àgbọn tó máa ń fi para ni mo gbọ́, inú mi sì dùn bí inú ọmọdé.

Ó fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ pé: “Bàbá Wàsíù, ṣé ó ti kàn mí?”

Ẹ wo ìwà òmùgọ̀ mi. Mo dìde, mo sáré lọ pe nọ́ọ̀sì. Ohun tí mo ṣe nígbà yẹn náà ni mo tún ṣe.

Mo fa Fúnmi, nọ́ọ̀sì tó wà nítòsí, lọ́wọ́, mo ní kó wá wo obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó. Ó ní, “Bàbá, mo ti so tiẹ̀. Mo wá ìṣàn ẹ̀jẹ̀ lọ́rùn ọwọ́ ẹ̀, mi ò rí i. Mo ní ọmọ yìí mọ̀ ọ́n ṣe o! Ọwọ́ ẹ̀ tutù bíi símẹ́ńtì.”

A padà débẹ̀. Kò sí ẹnì kankan.

Wọ́n ka àwọn akẹ́kọ̀ọ́: ogún. Káàdì mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni wọ́n kó wá, mẹ́rin péré ló ṣẹ́ kù. Fúnmi jókòó sílẹ̀.

Mo ti padà lọ síbi òpó yẹn lẹ́ẹ̀mẹta látìgbà náà. Òórùn àdí kò sí, ohùn kò sí. Bí òkú yín bá bá yín sọ̀rọ̀ lójúmọmọ, mo bẹ̀ yín, ẹ má dìde lọ pe ẹnikẹ́ni. Ẹ jókòó tì í. Ẹ dá a lóhùn.

Nígbà tí mo sọ ohun tí mo rí fún Àlájà, kò bá mi jiyàn. Ó ní lẹ́yìn àsìkò òjò ni wọn yóò tún ṣe ìdánrawò mìíràn, wọn yóò sì yan nọ́ọ̀sì méjì tí iṣẹ́ wọn kò ní ju kí wọ́n máa wá àwọn tó dákẹ́ lọ. Ó ní ẹni tó bá gbé èèyàn rẹ̀ wá kò ní kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ mọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ ni yóò máa wá bá a níbẹ̀.