Obìnrin Tó Ń Gbọ́n Ọkọ̀ Gbígbẹ

Mi ò mu ọtí lọ́jọ́ náà, oorun kò sì kùn mí. Mo kọ́kọ́ sọ èyí nítorí mo mọ ohun tí ẹ máa wí. Bó bá wù yín, ẹ pè é ní ìrànrán arúgbó. Ojú mi méjèèjì yìí ló rí i.

Àwóyè, ìlú bàbá rẹ̀, la sin Ọmọ́yẹni ìyàwó mi sí. Òkun ti jẹ ibẹ̀ báyìí. Sàréè tí àwọn ọ̀rẹ́ mi, Ebenezer àti Jímọ̀ọ̀, gbẹ́, omi ti gbé e lọ. Ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀, ó yẹ kó rí ibi tó máa kúnlẹ̀ sí. Èmi ò rí. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń wa ọkọ̀ mi láti Òde Ugbò lọ sí ìtòsí ibẹ̀. Mo ti bo ọkọ̀ náà bí ilé kékeré. N ó so ó mọ́ igi létí omi, n ó yan ẹja, n ó jẹ ẹ́, n ó sùn.

Igi ni mo fi ń dáná tẹ́lẹ̀. Fúnmiláyọ̀ ọmọ wa ló ní èéfín ń pa àyà mi, ló bá ra sìlíńdà gáàsì kékeré àti ààrò ìyanja fún mi.

"Bàbá, ẹ má lọ yan ara yín mọ́ ẹja o."

A jọ rẹ́rìn-ín.

Ìrọ̀lẹ́ ni lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, oòrùn ń wọ̀ lọ. Afẹ́fẹ́ òkun le, mo bá fi tapólì bo ọkọ̀ yíká, mo gbé sìlíńdà sí ikùn ọkọ̀ nísàlẹ̀ kó má baà ṣubú. Mo fi ata àti iyọ̀ pa òbókún lára. Òórùn kan ń rùn bí edé tó bàjẹ́. Ẹ gbà mí gbọ́, mi ò tilẹ̀ kà á sí. Ọkọ̀ apẹja ni, kí ni kì í rùn níbẹ̀?

Mo mú ìṣáná.

Ìgbà náà ni mo gbọ́ ike tí a fi ń gbọ́n omi ọkọ̀ tó ń ha pákó lẹ́yìn mi.

Mo yíjú. Ẹnì kan ti ká tapólì sókè ní ìdí ọkọ̀. Obìnrin ni, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó kẹ̀yìn sí mi, ó ń gbọ́n omi. Ó ń bù, ó ń dà á sódò, wéré wéré, bí ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ fẹ́ rì.

Ọkọ̀ mi sì gbẹ. Kò sí ẹ̀kán omi kan nínú rẹ̀.

Ọwọ́ òsì ló ń lò. Ọmọ́yẹni nìkan ni mo mọ̀ tó ń fi òsì gbọ́n omi. Láyé rẹ̀, bí mo bá mú ike yẹn, á já a gbà: "Ẹ fi í lẹ̀, Bàbá Fúnmi. Ẹ̀ ń gbọ́n ọn bí ẹni ń wọ́n omi sára ẹ̀fọ́."

Mo rọra ní, "Kò sómi níbẹ̀."

Kò yíjú. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́: "Ó ti kún. Ẹ má ṣáná."

Mi ò ṣáná. Ó tún bẹ̀rẹ̀, ó ń gbọ́n ọn lọ. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ni mo fẹ́ rí, ẹ jọ̀ọ́, ojú rẹ̀ nìkan. Mo pè é: "Ọmọ́yẹni!"

Ike já bọ́. Kò sẹ́nìkan níbẹ̀ mọ́.

Mo jókòó sínú òkùnkùn títí ilẹ̀ fi mọ́.

Mo gbé sìlíńdà lọ bá Ràfíù tó ń ta gáàsì ní Òde Ugbò. Ó fi ìfófòó ọṣẹ pa orí rọ́bà rẹ̀, ó sì ń hó wuruwuru.

"Bàbá, ó ń jò! Gáàsì yìí kì í fò lọ bí èéfín o. Ìsàlẹ̀ ló ń wọ́ sí, á kún ikùn ọkọ̀ bí omi. Ká ní ẹ ṣáná, kí la fẹ́ rí sin? Báwo lẹ ṣe lé e jáde?"

"Wọ́n gbọ́n ọn dànù."

"Ta ni?"

Mo dárúkọ rẹ̀. Ràfíù wà lára àwọn tó gbé pósí rẹ̀. Ó fẹsẹ̀ ti sìlíńdà náà síta, kò jẹ́ fọwọ́ kàn án.

Mo ti padà síbẹ̀ láìmọye ìgbà, ní ìrọ̀lẹ́, níbi igi kan náà. Kò wá.

Ẹ̀yin tó ń dáná lórí omi, òde ni kí ẹ gbé gáàsì sí, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Ẹ máa fi ọṣẹ yẹ rọ́bà rẹ̀ wò. Bó bá ń rùn, ẹ má ṣáná, ẹ má tan ẹ́ńjìnnì.

Èyí tó kù, ẹ sún mọ́ mi kí n sọ ọ́: bí ẹ bá rí ẹni yín tó ti lọ, tó tẹrí mọ́ iṣẹ́, ẹ má pè é lórúkọ. Ẹ jẹ́ kó máa ṣe é lọ. Ẹ jókòó jẹ́jẹ́, kí ẹ máa wo ẹ̀yìn rẹ̀.